Ṣọ́ọ̀bù tó háyà sùtù àti gáùn fún wa nígbà tá a ṣe prom àwọn tránsì ní Baltimore

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ṣọ́ọ̀bù yìí, ká ní ọ̀rọ̀ bàtà ò sí níbẹ̀ ni, wọn ì bá gba márààrún lọ́wọ́ mi. Mo wà lára ìgbìmọ̀ tó ṣètò ijó náà, iṣẹ́ aṣọ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, torí náà ohun tójú mi rí ni mo ń sọ. Tránsì ni ẹni tí wọ́n pè ní ọkùnrin nígbà tí wọ́n bí i àmọ́ tó jẹ́ obìnrin, tàbí tí wọ́n pè ní obìnrin àmọ́ tó jẹ́ ọkùnrin.

Ṣé ẹ mọ prom, ijó ńlá táwọn ilé ìwé girama Amẹ́ríkà máa ń ṣe fáwọn ọmọ tó fẹ́ jáde, ọkùnrin á wọ tuxedo, ìyẹn sùtù òde ńlá, obìnrin á wọ gáùn gígùn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jó dòru. Àwa tá a ṣe eléyìí ti dàgbà, àwọn kan nínú wa ti lọ́mọ ọmọ pàápàá, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ni ò ṣe prom rí, àwọn tó sì ṣe é, aṣọ tí wọ́n fipá wọ̀ sí wọn lọ́rùn ni wọ́n fi lọ. Aṣọ yìí gan-an nìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2006, ní Gary ní ìpínlẹ̀ Indiana, wọ́n dá ọmọ kan tí ilé ìwé kà sí ọkùnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà prom torí pé gáùn ló wọ̀. Ní 2010, ní Itawamba ní Mississippi, odidi prom ni wọ́n fagi lé nígbà tí ọmọbìnrin kan ní tuxedo lòun máa wọ̀ àti pé ọ̀rẹ́bìnrin òun lòun máa mú dání, ó gbé wọn lọ kóòtù, wọ́n sì gbà láti san $35,000 fún un. Nígbà táwọn ọ̀dọ́ tránsì wá ṣe prom tiwọn níwájú Capitol, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, ní Washington ní May 2023, àwa àgbà náà ní, tiwa dà?

Ṣọ́ọ̀bù tá a kọ́kọ́ lọ, mi ò ní dárúkọ wọn, ẹni tó wà ní káúńtà gba káàdì lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wa, ló bá ń fi ohùn gooro pe orúkọ àtijọ́ tó wà lára ẹ̀ níwájú àwọn kọ́sítọ́mà, ọmọ ọlọ́mọ yí padà ó jáde, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e.

Ṣọ́ọ̀bù kejì yìí wá yàtọ̀ pátápátá. Màmá aláwọ̀ dúdú kan ló ni ín, kó tó mú téèpù rárá ló ti bi èèyàn pé orúkọ wo ni kóun kọ, orúkọ yẹn ló máa wà lórí rísíìtì, òun náà ló máa wà lára àpò aṣọ. Ó ní yàrá kan tó ní kọ́tìnì, ó máa ń béèrè bóyá kóun wọn èèyàn àbí ẹni náà fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ wọn ara ẹ̀ kóun kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe tó fún ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun láyà.

Ó tún mọṣẹ́. Sùtù tí wọ́n ń háyà, àyà ni wọ́n máa ń fi wọ̀n ọ́n, tí wọ́n bá ti bá àyà mu, èjìká á máa já wálẹ̀ lára àwọn arákùnrin wa, ìdí ṣòkòtò á sì fún wọn. Màmá yìí, èjìká ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá tú àwọn yòókù rán. Ó sọ fún àwọn tó ń wọ binder, ìyẹn aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó ń fún àyà mọ́lẹ̀ kó lè tẹ́, pé kí wọ́n wọ̀ ọ́ wá fún ìwọ̀n, ọ̀pọ̀ ló ń lo ti gc2b, ilé iṣẹ́ tí arákùnrin tránsì aláwọ̀ dúdú kan dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Maryland tí Baltimore wà níbí ní 2015. Kò sì yẹ kéèyàn wọ binder kọjá wákàtí 8, ìdí nìyẹn tá a fi ní kí ijó bẹ̀rẹ̀ ní aago méje kó parí ní mọ́kànlá, kéèyàn lè wọṣọ nílé, kó wakọ̀ wá, kó jó, kó tún délé kó tó bọ́ ọ.

Àǹtí wa kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún mú gáùn aláwọ̀ ewé, èjìká àǹtí fẹ̀ díẹ̀, màmá bá gé ọrùn gáùn náà wálẹ̀ bíi V, ó fi aṣọ tó wúwo díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ara gbà á pẹ̀sẹ̀! Àǹtí ò fẹ́ bọ́ ọ mọ́, wọ́n ní ká jẹ́ káwọn wọ̀ ọ́ délé, màmá sì gbà.

Ọ̀rọ̀ bàtà ló kù. Ẹni tó ń wọ nọ́ńbà 10 ti ọkùnrin, 11 ààbọ̀ tàbí 12 ló máa wọ̀ nínú ti obìnrin, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í sì kó o. Wọ́n ṣèlérí fún wa pé bàtà á dé láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ ijó gan-an ló dé, dúdú nìkan ló sì wà, àwọn kan ti lọ ra síbòmíì kó tó dé. Ó dùn mí torí a ti san dípọ́síìtì.

Ẹ má lọ ní April tàbí May o, àwọn ọmọ ilé ìwé á ti kó gbogbo tuxedo tán nígbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá sì ń gba họ́ọ̀lù, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó sanwó, òfin Maryland láti 2014 ò gbà kí wọ́n fi jíjẹ́ tránsì lé èèyàn síta, àmọ́ ẹ rí i pé ẹni tó máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lálẹ́ yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàtà tẹ́ ẹ máa wọ̀ níjó, ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ màmá, ibẹ̀ ló ti máa mọ ibi tóun máa ṣẹ́ etí gáùn dé.