Kéréètì oníke fún tòmátò láti Mile 12 dé Ìkòròdú

Fún ẹni tó ń kó tòmátò láti ọjà Mile 12 ní Èkó wá sí ọjà Sábó ní Ìkòròdú, kéréètì oníke sàn ju apẹ̀rẹ̀ lọ fíìfíì. Nínú apẹ̀rẹ̀, ti òkè ló ń tẹ ti ìsàlẹ̀ fọ́. Omi á máa ro, ooru á mú un, á sì ti máa rà kó tó dọ́jà. Kéréètì ń gba bíi kílò 25, ó ní ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Bí ẹ bá tò ó léra, igun rẹ̀ ló ń gbé ẹrù, kì í ṣe tòmátò. Àmọ́ ẹ má kó tòmátò kún un kọjá etí o! Ẹ máa fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a gbẹ.

Kéréètì wọ́n, èyí tí kò bá sì padà ló ń gbé èrè yín lọ. Ẹ kọ orúkọ yín sí i lára, kí ẹ gba owó dání lọ́wọ́ oníbàárà títí yóò fi dá a padà.