Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá rímù àti táyà sí Mercedes àtijọ́: ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará, tẹ́ ẹ bá ní ọkọ̀ àtijọ́ tó ń ṣí lórí, tẹ́ ẹ sì ń wá rímù àlọ́ì àti táyà sí i nílùú Èkó, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán. Oníṣòwò kan wà tó ń ta rímù tí wọ́n ti fi táyà sí lára, mẹ́rin-mẹ́rin, tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tó ń pè é ní ojúlówó Jámánì. Mo ra tiẹ̀ lọ́dún 2024. Díẹ̀ ló kù kó pa èmi àti ìyàwó mi.

Mercedes 450SL ọdún 1979 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni ọkọ̀ náà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe, ó wá ku ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Rímù ínṣì 14 tó fẹ̀ tó 6½ ló bá a jáde nílé iṣẹ́, pẹ̀lú táyà 205/70 R14. Ẹni tó bá ti wá táyà yìí rí á mọ̀ pé kò wọ́pọ̀ mọ́. Ibi tẹ́ ẹ bá dé, táyà bọ́ọ̀sì akẹ́rù tó ní lẹ́tà C lẹ́yìn ni wọ́n máa gbé síwájú yín, pé ínṣì 14 náà ni. Oṣù márùn-ún ni mo fi wá a. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọkùnrin yìí ní òun ní i, ẹsẹ̀ mi ò dúró nílẹ̀ mọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ló wí. "A ti bá yín fi táyà sí i, a ti ṣe bàláǹsì rẹ̀. Ẹ kàn lọ dè é mọ́ ọkọ̀ ni." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé oore ló ṣe mí, àṣé ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì náà wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nọ́ńbà kan wà lára táyà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún. 2323 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2023. Tó bá jẹ́ mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe é kó tó di ọdún 2000. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ táyà ló jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ọjọ́ yìí wà. Ọkùnrin yìí ti yí ẹ̀gbẹ́ tó ní ọjọ́ sínú, ó fi oje dúdú kun ẹ̀gbẹ́ ìta títí tó fi ń dán. Ẹ̀yìn rímù, ibi tí ilé iṣẹ́ máa ń tẹ orúkọ àti ìwọ̀n sí, ọ̀rá ló bò ó.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a forí lé Ìbàdàn. Nígbà tí mo tẹ iná mọ́ ọn dé 90 lórí títì márosẹ̀, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo rọra dẹwọ́. Ká tó dé Mowe, mo gbọ́ gbà-gbà-gbà lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyàwó mi. Ojú táyà iwájú lápá ọ̀tún ti ń ṣí bí èèpo igi. Ọlọ́run ló ní ká dúró.

Bàbá fọkanáísà kan létí títì ló bá wa tú u. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ta èyí fún ọ? Wọ́n ti ká táyà yìí rí." Ó mú ọwọ́ mi, ó fi kan ibi tó ti ṣẹ́. Inú táyà ńlá ni wọ́n ti fipá ki kékeré yìí sí kí kọ̀ǹténà lè gba púpọ̀. Waya etí rẹ̀ á ti lọ́, okùn inú rẹ̀ á ti já, síbẹ̀ ojú rẹ̀ á dà bíi tuntun. Ọjọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni 0911. Táyà ọdún 2011 ni wọ́n tà fún mi lọ́dún 2024!

Látìgbà tí Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt lọ́dún 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ dúró ní Ìkẹjà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òkè òkun la gbójú lé. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kò fàyè gba táyà ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ti lò, àjọ SON tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò sì ní ọdún mẹ́rin ni ẹ̀mí táyà láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Gbogbo èyí kò dá àwọn tó ń kì í sínú ara wọn dúró.

Rímù náà kò sàn ju táyà lọ. Èyí tí Fuchs ti Jámánì ṣe fún Mercedes ìgbà yẹn, tí wọ́n ń pè ní Barock, rírọ ni wọ́n rọ ọ́, wọn ò dà á. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ á mọ ìyàtọ̀: èyí tí wọ́n rọ le, ó sì fúyẹ́, tó bá já sí kòtò á tẹ̀ kó tó là. Dídà ni tèmi. Kò sí orúkọ Fuchs lẹ́yìn rẹ̀, kò sí 6½ J × 14, kò sí ET 30, ìyẹn ìwọ̀n bí rímù ṣe jókòó sínú tàbí síta sí. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ni mo bá níbẹ̀, ó gùn tó ìka ọwọ́, wọ́n fi fílà, èyí tí àwọn akunkọ̀ fi ń dí ihò ara ọkọ̀, dí i, wọ́n kun ọ̀dà fàdákà lé e. Bàbá mẹkáníìkì mi wọn ihò àárín rẹ̀. Ti Mercedes yìí yẹ kó jẹ́ mílímítà 66.6 kó lè fún mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn irin àárín tí rímù máa ń jókòó lé. Wọ́n ti gbẹ́ tèmi kọjá 68, kò sì rí róbótó. Ìdí nìyẹn tí sítíárìn fi ń gbọ̀n.

Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n tú táyà kúrò lára rímù lójú yín. Ẹ san owó fọkanáísà náà, kò tó nǹkan. Ẹ tan iná sínú táyà, ẹ fọwọ́ pa á yíká. Ẹ fi ọkàn sí ẹ̀yìn rímù ju iwájú lọ. Tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí òun tó tú u, ẹ máa lọ. Ẹ yẹ bóòtù tí wọ́n fi ń de rímù mọ́ ọkọ̀ wò pẹ̀lú: ìdí bóòtù Mercedes rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, ṣóńṣó sì ni èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, kò lè jókòó dáadáa sínú rímù Mercedes, á sì máa tú. Lẹ́tà ìsáré táyà kò gbọ̀dọ̀ dín sí H, ìyẹn kìlómítà 210 ní wákàtí kan. Tí 14 bá sú yín, rímù ínṣì 15 pẹ̀lú 205/65 R15 ni Mercedes fúnra rẹ̀ fi sí àwọn SL tó gbẹ̀yìn nínú irú èyí kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́dún 1989. Gíga rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ó sì rọrùn díẹ̀ láti rí.

Ọkùnrin náà kò gbé ìpè mi mọ́. Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹlòmíràn ló ti gbà á. Mo fi ayùn gé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹnikẹ́ni má bàa kó wọn padà sọ́jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo lọ rajà, mo rí ìdì kejì nínú ilé ẹrù rẹ̀, irú kan náà, ọ̀dà fàdákà, ọ̀rá funfun, táyà ínṣì 14. Ó ń bẹ níta báyìí. Tí wọ́n bá gbé e wá bá yín, ẹ ya ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀.