BME280 lẹ́yìn ọdún kan ní ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn

Iṣu tí Màmá mi ń sá fún èlùbọ́ ló sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Òjò ká a mọ́ ìta lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ bu. Ni mo bá ra ESP32, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ka sẹ́ńsọ̀, àti sẹ́ńsọ̀ BME280 ti Bosch, tó ń wọn ooru, ọ̀rinrin, àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹni tó.

BMP280 ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi lórúkọ BME. Wọ́n jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n BMP kì í wọn ọ̀rinrin. Ọjọ́ tí ẹ bá gbà á ni kí ẹ ti ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ inú rẹ̀: 0x60 ni BME, 0x58 ni BMP.

Ibi tí ẹ máa gbé e kọ́ ṣe pàtàkì ju sẹ́ńsọ̀ lọ. Abẹ́ páànù ni mo kọ́kọ́ fi sí, ó ń ka ooru 41°C ní aago méjì ọ̀sán. Ooru páànù ló ń kà! Mo lu ihò sí àwo rọ́bà funfun mẹ́jọ, mo tò wọ́n léra kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn kọjá, mo so sẹ́ńsọ̀ sínú wọn, mo gbé e sórí òpó mítà kan ààbọ̀ lórí koríko. Ó bọ́ sí 33. ESP32 náà ń gbóná, ẹ fi wáyà gbé e jìnnà sí i.

Ti afẹ́fẹ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Nǹkan bí 988 hPa (òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹni) ló máa ń kà, kì í ṣe 1013 tí wọ́n ń kọ sínú ìwé, torí ìlú wa fi bí 200 mítà ga ju òkun lọ. Lójoojúmọ́ ó ń gòkè ní aago mẹ́wàá àárọ̀, á já wálẹ̀ ní mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á tún gòkè ní mẹ́wàá alẹ́. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Àṣé bó ṣe rí ní gbogbo ilẹ̀ olóoru nìyẹn: oòrùn ló ń mú afẹ́fẹ́ òkè gbóná. Ẹ má wulẹ̀ palẹ̀ aṣọ mọ́ pé òjò ń bọ̀ torí pé ó já nírọ̀lẹ́.

Àbùkù rẹ̀ ni pé lákòókò òjò, ìrì máa ń bò ó, ọ̀rinrin tó ń kà á sì dúró sórí 100% títí oòrùn á fi yọ. Mo ṣì fara mọ́ ọn ju DHT11, sẹ́ńsọ̀ ooru àti ọ̀rinrin tí mo lò tẹ́lẹ̀, lọ. Ìyẹn lè fi ìwọ̀n 2 ṣìnà lórí ooru nìkan. 

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọ̀rinrin já láti 84 sí 26 láàárín ọjọ́ méjì. Mo pe Màmá. "Ṣé ẹ̀rọ ẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n kó iṣu síta láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbẹ, ó ń dún kó bí igi.