Radeon RX 6600 ní Ìlọrin: ẹ kọ́kọ́ wo iná tó ń jẹ

Ẹni tó bá fẹ́ to kọ̀ǹpútà géèmù jọ ní Ìlọrin, kó má bi ẹni tó ń tajà léèrè iye fps (iye àwòrán tó ń yọ lójú sikirínì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) nìkan. Kó bi í pé wáàtì mélòó ni káàdì àwòrán (graphics card) rẹ̀ ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé RX 6600, tí AMD mú jáde ní 2021, ṣíwájú RTX 3060 ti Nvidia fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tánkè tó ń fi ínfátà gbá géèmù.

RX 6600 ń jẹ 132 wáàtì, RTX 3060 ń jẹ 170. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì 12V, 200Ah, tí ẹ kò lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kó má baà tètè kú, lè gbé kọ̀ǹpútà àti sikirínì tó ń jẹ 275 wáàtì fún bíi wákàtí mẹ́ta àbọ̀, tí a bá yọ iná tó ń ṣòfò nínú ínfátà. Tí ẹ bá fi 3060 rọ́pò RX 6600, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó máa lọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní 1080p, fps àwọn méjèèjì kò jìnnà síra.

Àdánù RX 6600 náà wà o. Ray tracing rẹ̀ (ìmọ́lẹ̀ àti òjìji bíi ti gidi) kò lágbára, kò sì ní DLSS, ọgbọ́n Nvidia tó ń gbé fps sókè; FSR, irú rẹ̀ ti AMD, ló ń lò. Ẹni tó ń fi Blender (ètò àwòrán 3D) ṣiṣẹ́ owó, 3060 ni kó rà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

8GB ni memory RX 6600, 12GB ni ti 3060. Tí 8GB bá kún, káàdì á lọ máa yá àyè lára RAM kọ̀ǹpútà, ọ̀nà PCIe x8 (onílà mẹ́jọ) ló sì ń gbà, kì í ṣe x16 (onílà mẹ́rìndínlógún). Lórí bọ́ọ̀dù PCIe 3.0 bíi B450, ọ̀nà yẹn tún dín sí ìdajì, géèmù á wá máa há lójijì. Nínú settings géèmù, ẹ fi texture sí High, kì í ṣe Ultra. Ẹ fi shadow sí Medium. Kí ẹ fi Radeon Chill, tó wà nínú ètò AMD, dá fps dúró sí 60, iná tó ń jẹ á tún wálẹ̀. RAM 8GB méjì ni kí ẹ kì sí i, ó yá ju 16GB ẹyọ kan lọ.

Inú OptiPlex (kọ̀ǹpútà Dell) tòkunbọ̀ ni wàhálà pọ̀ sí. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ẹnu 8-pin tó ń gbé iná fún káàdì, àwọn oníṣẹ́ kan á sì fẹ́ fi ádápítọ̀ SATA dọ́gbọ́n sí i. Ẹ má gbà! Ẹnu SATA kan kò gbà ju 54 wáàtì lọ lórí 12V, 8-pin sì lè gbé tó 150. Ike ẹnu rẹ̀ á yọ́, ó sì lè gbiná. PSU (àpótí tó ń pín iná) 450W tó péye ni AMD ní kí a lò, àmọ́ púpọ̀ nínú bọ́ọ̀dù OptiPlex kì í lo ẹnu 24-pin tí PSU lásán ní, kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó sanwó.

Tó bá jẹ́ káàdì àlòkù, kí wọ́n fi géèmù tó wúwo dán an wò lójú yín fún ogún ìṣẹ́jú. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ẹ fi ìka di fáànù náà mú; tí blower bá ń yí i ní àyípajú, bẹ́ríìnì rẹ̀ á bàjẹ́.