Ẹ̀wà olóyin tí mò ń rà lọ́jà Agbálatà

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń dín àkàrà ní Àgbádárìgì bíi tèmi, ẹ wá ìyá tó ń ta ẹ̀wà olóyin yìí lọ. Níbi tí mo ti ń rà á tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti tú àpò, òórùn oògùn kòkòrò ló máa kọ́kọ́ gba imú mi. Mo fọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òórùn ò lọ. Mo dà á nù, owó mi sì gbé.

Irú oògùn bẹ́ẹ̀, dichlorvos, ló mú kí àwọn ará Yúróòpù ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa ní 2015. Mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan ni wọn ò fẹ́ kó kọjá. Wọ́n yẹ tiwa wò, ó kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àwa tí à ń jẹ ẹ́ níbí ńkọ́?

Àpò onípele mẹ́ta ni ìyá yìí ń lò: ọ̀rá méjì nínú, àpò líle níta. Ó máa ń so ẹnu rẹ̀ pinpin, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé, kòkòrò á kú fúnra rẹ̀. Ó tú u lójú mi. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, mo gbóòórùn rẹ̀: òórùn ẹ̀wà lásán.

Ó wọ́n díẹ̀, ẹ sì máa ṣa òkúta. Ẹ tètè dé o, kì í pẹ́ tán.