Mo fowó ra òkè tí kò sí láyé: àgbéyẹ̀wò máàpù Rennell

Ẹ̀dà máàpù apá àríwá Áfíríkà tí James Rennell, ayàmáàpù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, yà ní 1798 ni mo rà lọ́wọ́ olùtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ₦28,000, owó díspáàṣì ò sí níbẹ̀ o. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti wà lára ògiri pálọ̀ wa n'Íbàdàn.

Bébà rẹ̀ nípọn, kò dán, iná kì í kọ lára rẹ̀ lálẹ́. Ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀ ni pé wọ́n sún un kì jù. Orúkọ àwọn ìlú etí òkun wá dà bí èèrà tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Gíláàsì tí màmá mi fi ń ka Bíbélì ni mo gbà kí n tó rí wọn kà. Mo kọ̀wé sí olùtajà, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Inú bí mi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àárín máàpù náà. Ní 1796, Mungo Park, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, dé Ségou (ní Mali òde òní), ó rí Odò Ọya, ó sì fojú ara rẹ̀ rí i pé ìlà oòrùn ló ń ṣàn lọ. Ó tún ní òun rí àwọn òkè lọ́ọ̀ọ́kán, lápá ilẹ̀ Kong (ní Ivory Coast òde òní). Rennell, tó jẹ́ pé Íńdíà ló ti ń wọn ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, ó fa ìwọ̀nba òkè yẹn gùn bí okùn ìsáṣọ sí gúúsù odò. Òkè ti dínà, odò ò lè wá sókun mọ́ nìyẹn! Ló bá darí Ọya sí Wangara, ilẹ̀ kan láàárín Áfíríkà, kó lọ gbẹ sínú àbàtà.

Ọmọ mi obìnrin fìka lé òkè náà: "Dádì, ṣé ẹ ti gun èyí rí?" Ta ni yóò gùn ún? Àwọn ayàmáàpù ń da òkè yìí kọ lára ara wọn títí ọmọ Faransé kan, Binger, fi dé ìlú Kong ní 1888, tí kò bá òkè kankan níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń gúnlẹ̀ sí Bonny àti Brass tí wọ́n ń ra ènìyàn, láì mọ̀ pé omi Ọya ni ìdákọ̀ró wọn wà. Ìgbà tí Richard àti John Lander, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1830, tí wọ́n gba Ọ̀yọ́ Ilé kọjá dé Bussa, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi títí tí wọ́n fi já sókun ní ẹnu odò Nun, ni Lọ́ńdọ̀nù tó gbà pé Ọya ń ṣàn wọ òkun. Àwọn apẹja tó ń gbé ibẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kọ tiwọn sórí máàpù.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ mú èyí tó tóbi jù, kí ẹ sì ní kí wọ́n ya fọ́tò apá etí òkun ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìkan tí mo yọ, ti lẹ́tà bí èèrà yẹn ni. Ti òkè kọ́.