Ẹ̀yin tó ń dá oko fún àgbọ̀nrín, ẹ má ra àpò irúgbìn tí kò ní ìwé lẹ́nu

Ẹ̀yin ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ wà ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà àti àyíká rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ra irúgbìn tí ẹ máa fọ́n ní ìgbà ìwọ́wé yìí kí àgbọ̀nrín lè wá jẹun níbi tí ẹ ti ń dọdẹ, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, nítorí kì í ṣe owó tèmi nìkan ló ṣòfò. Àwa tí a jọ háyà ilẹ̀ ọdẹ la dá owó náà jọ, èmi ni wọ́n sì gbé e lé lọ́wọ́ pé kí n lọ ra irúgbìn.

Àwòrán akọ àgbọ̀nrín tí ìwo rẹ̀ tóbi gan-an ló wà níwájú àpò náà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ara rẹ̀ pé óòtì, àlìkámà, crimson clover (ewéko olódòdó pupa tí ẹran máa ń jẹ) àti tọ́nípù ló wà nínú rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí ẹni tó ń tà á, ìpínlẹ̀ mìíràn ló sì ti fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ló ń bá mi sọ lórí fóònù. Ó bi mí bí oòrùn ṣe ń ràn sí oko náà, ó bi mí bóyá ilẹ̀ wa jẹ́ iyanrìn tàbí amọ̀, ó ní láti kékeré lòun náà ti ń gẹ̀gùn de àgbọ̀nrín. Ta ló máa gbọ́ irú èyí tí kò ní gbà á gbọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé a ò ṣiṣẹ́. A fọ́n oògùn apakoríko. A gbé erùpẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Extension ti University of Georgia, àwọn tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, fún àyẹ̀wò, láìmù (ẹfun tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù) tí wọ́n ní kí a dà sílẹ̀ la dà, títí pH ilẹ̀ náà, ìyẹn ìwọ̀n bí ó ṣe kan tó, fi kọjá 6. A fi katakata tú u, a ra ajílẹ̀, a dúró de òjò, òjò náà sì rọ̀. Òpin oṣù kẹsàn-án la fọ́n irúgbìn, àkókò tó yẹ gan-an ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. A ò sì rì í wọlẹ̀ jù, torí a mọ̀ pé hóró clover kò fẹ́ ju ìdámẹ́rin ínǹṣì lọ.

Kí ló wá hù? Koríko! Koríko tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀yìn ewé rẹ̀ ń dán, tí ìdí rẹ̀ pọ́n. Annual ryegrass ni. Clover kàn ń yọjú níbì kan níbì kan. Mo rìn yí oko náà ká, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fi ọwọ́ ya koríko wò, n kò rí tọ́nípù kan ṣoṣo. Tọ́nípù tí wọ́n yà sára àpò, tí wọ́n fi gba owó lọ́wọ́ mi!

Ẹni tí kò bá mọ ryegrass yìí máa rò pé oko ti dára. Ó máa ń tètè hù, ó máa ń tutù yọ̀yọ̀, kò sì wọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn oníjìbìtì fi ń fi kún àpò. Kì í ṣe ráì oníhóró tí àwa ọdẹ máa ń gbìn fún ìgbà òtútù. Àgbọ̀nrín lè já a jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí óòtì tàbí clover gidi bá wà nítòsí, ibẹ̀ ló ń lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n lọ: oko aládùúgbò wa ni wọ́n ń jẹ ní ìrọ̀lẹ́, a sì ń wò wọ́n láti ọ̀ọ́kán. Tó bá di ìgbà ìrúwé, ryegrass yìí á tún gbọn èso sílẹ̀, á sì padà wá gbógun ti ohun tí a bá gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Oògùn kò sì ran èyí tó ti di olórí kunkun nínú wọn mọ́.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní ilẹ̀ wa ló kan. Mo fi èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó ní òjò ni kò tó. Mo ní òjò rọ̀. Ó ní bóyá a rì í jù. Gbogbo ẹ̀bi, orí wa ló ń dà á sí! Mo wá béèrè ìwé tó yẹ kí wọ́n rán mọ́ ẹnu àpò, èyí tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, torí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ nígbà tí ó dé. Ó ní ó ti já dànù lójú ọ̀nà. Kí gbogbo ìwé gbogbo àpò já lójú ọ̀nà kan náà? Nígbà tí mo fi ẹjọ́ halẹ̀ mọ́ ọn ló tó ya fọ́tò ọ̀kan ránṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n dán hóró rẹ̀ wò sì ti lé ní ọdún méjì. Federal Seed Act, òfin irúgbìn ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti ọdún 1939, sọ pé irúgbìn oko tó bá máa kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn kò gbọdọ̀ ju oṣù 5 lọ lẹ́yìn oṣù tí wọ́n dán híhù rẹ̀ wò. Ọkùnrin yìí mọ̀. Ẹni tó ń ta irúgbìn jẹun kò lè sọ pé òun ò mọ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ kó hóró tó ti kú fún wa ni, ó sì ti dá fóònù mi dúró báyìí.

Àwọn kan ti ń sọ fún mi pé ó yẹ kí n ti béèrè ìwé náà kí n tó sanwó. Ó yẹ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí wọ́n jà lólè ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dá lẹ́jọ́ ni? Látìgbà tí èyí ti ṣẹlẹ̀, gbogbo àpò tó bá ní àwòrán ìwo lára, olè ni mo ń ka ẹni tó ń tà á sí títí tí yóò fi fi ìwé hàn mí. Kódà àwọn tí kò purọ́, ẹ wo ìṣirò wọn: bí ìwé bá kọ pé 34 nínú 100 jẹ́ ẹfun tí wọ́n fi bo hóró clover, tí hóró gidi sì jẹ́ 65, tí 85 nínú 100 rẹ̀ ló máa hù, bíi pọ́n-ùn 28 péré ló wúlò nínú àpò pọ́n-ùn 50 tí ẹ sanwó fún. Òfin gbà á, mo mọ̀, ẹfun náà sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Síbẹ̀, owó clover ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀.

Ẹ ka ìwé ẹnu àpò kí ẹ tó sanwó: orúkọ hóró kọ̀ọ̀kan, iye tó ń hù, iye èpò, ọjọ́ àyẹ̀wò. Ẹ ka 100 hóró sínú bébà tí omi rin, ẹ fi sínú ilé, ẹ ka iye tó hù. Káàdì kírédíìtì ni kí ẹ fi sanwó. Owó tí mo fi ránṣẹ́ tààrà láti báńkì, báńkì ní èmi ni mo fọwọ́ sí i, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ hóró pamọ́ sílé kí ẹ tó fọ́n ìyókù.

Èyí tó ṣẹ́kù nínú àpò tèmi ti wà lọ́dọ̀ Department of Agriculture ti ìpínlẹ̀ wa pẹ̀lú ìwé ẹ̀sùn mi. Bí ẹ bá ti ra àpò tí kò ní ìwé lẹ́nu lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ má tíì fọ́n ọn. Ẹ gbé e lọ fún wọn pẹ̀lú rìsíìtì yín. Ẹ̀sùn ẹnì kan lè sùn sórí tábìlì, àmọ́ tí a bá pọ̀, wọ́n á wá a kàn.